Láìkì, Ìràwọ̀ àti Òkìkí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Ṣe Mod tàbí Ìpele Géèmù

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mod (àyípadà tàbí àfikún tí olólùfẹ́ ṣe sí géèmù), ìpele tàbí máàpù fún géèmù tó fẹ́ràn, tó sì gbé e síta kí àwọn ẹlòmíràn gbá a, á mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ojú á lọ síbi iye láìkì, á lọ síbi iye àwọn tó ti gbà á sórí ẹ̀rọ wọn, á tún padà síbi láìkì. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí dá lórí àjọṣe tó wà láàárín èsì tí àwọn èèyàn ń fún wa àti bí iṣẹ́ wa ṣe ń gbajúmọ̀ tó. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé iye ìbò ló ń gbé orúkọ iṣẹ́ kiri, ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fara balẹ̀ sọ ló sì ń tún iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan pe èkejì á máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe.

Irú iṣẹ́ wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ohunkóhun tí olólùfẹ́ géèmù bá ṣe kún géèmù, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù ló ṣe é: mod, ìpele, máàpù, aṣọ àti ìrísí àwọn ẹ̀dá inú géèmù, ohùn, àwòrán. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí Doom jáde ní 1993, kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ìpele tiwọn fún un, tí wọ́n ń pín in fún ara wọn nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní WAD. Counter-Strike bẹ̀rẹ̀ ní 1999 gẹ́gẹ́ bíi mod tí Minh Le àti Jess Cliffe ṣe fún Half-Life. Nígbà tó fi máa di 2000, Valve, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Half-Life, ti gbà á wọlé, ó sì ti di géèmù tí wọ́n ń tà. Máàpù tí olólùfẹ́ ṣe sínú Warcraft III ni Dota náà jẹ́ kó tó di ohun tó dà lónìí.

Ohun tó yí padà ni bí ìròyìn iṣẹ́ ṣe ń dé etí èèyàn. Láyé ìgbà Doom, ẹnìkan ló máa ń sọ fún ẹnìkejì. Ní oṣù Kẹwàá 2011, Valve ṣí Steam Workshop, ibi tí àwọn olólùfẹ́ ti ń pín iṣẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú géèmù Team Fortress 2, géèmù Skyrim sì wọ ibẹ̀ ní oṣù Kejì 2012. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, Nintendo gbé Super Mario Maker jáde, géèmù tó jẹ́ pé ìpele tí àwọn èèyàn ń ṣe fún ara wọn ni ẹ̀mí rẹ̀. Níbi báyìí, ìbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ sì ń wo ìbò náà láti pinnu iṣẹ́ tí yóò fi han èrò àti èyí tí yóò wà nísàlẹ̀.

Oríṣi èsì wo ló wà?

Èyí tí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ wà, èyí tí ìṣe rẹ̀ sọ fún un sì wà. Láìkì, ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó kọ jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ni pé ó gbà á sórí ẹ̀rọ, ó gbá a parí tàbí ó sá kúrò lágbedeméjì, ó yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ kejì, tàbí ó fi sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Super Mario Maker 2, tó jáde ní oṣù Kẹfà 2019, jẹ́ kí èèyàn rí méjèèjì pọ̀. Olùgbá lè tẹ Like, ó lè tẹ Boo bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ó lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù náà tún ń ka iye àwọn tó gbìyànjú ìpele àti iye àwọn tó parí rẹ̀, ó sì ń fi ìṣirò yẹn han gbogbo èèyàn. Oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá ìpele rẹ̀ parí kó tó lè gbé e síta, nítorí náà ìpele tí ìdá 1 nínú 100 péré ń parí kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ó kàn le ni, ó sì lè jẹ́ pé bí oníṣẹ́ ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ṣé láìkì ló ń sọ iṣẹ́ di gbajúmọ̀, àbí òkìkí ló ń mú láìkì wá?

Méjèèjì ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ìkejì lágbára ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ wò ó báyìí: kò sẹ́ni tó lè fi láìkì sí ohun tí kò rí. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn rí á ní láìkì ju èyí tí igba èèyàn rí lọ, bí èyí tí igba èèyàn rí náà bá tilẹ̀ dára jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá gbé èyí tó ní láìkì púpọ̀ sókè, àwọn tó máa rí i tún pọ̀ sí i, láìkì tún ń gorí láìkì.

Matthew Salganik, Peter Dodds àti Duncan Watts dán irú nǹkan yìí wò pẹ̀lú orin, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2006. Wọ́n kó orin 48 tí kò tíì lókìkí síwájú àwọn èèyàn 14,341. Àwọn kan ò rí ohun tí ẹlòmíràn gbà rárá, etí ara wọn nìkan ni wọ́n fi yàn. Wọ́n pín àwọn tó kù sí àgbájọ mẹ́jọ, àgbájọ kọ̀ọ̀kan ń rí iye ìgbà tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti gba orin kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì rí ti àgbájọ mìíràn. Orin tó wà lókè lọ́hùn-ún lè wà láàárín níhìn-ín. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń rí iye, àwọn tó lókìkí túbọ̀ lókìkí, àwọn tí kò lókìkí sì túbọ̀ rẹlẹ̀. Àwọn orin tó dáa jù lọ kì í sábà kùnà, àwọn tó burú jù kì í sábà borí, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó wà láàárín ló lè bọ́ síbikíbi. Àárín yẹn sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ tí àwa náà ń gbé síta wà.

Ní 2013, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor ṣe ìdánwò mìíràn lórí ọ̀rọ̀ 101,281 tí àwọn èèyàn kọ síbi ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń fi ìbò rere kan ṣoṣo sí àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, láìwo ohun tó wà nínú wọn. Ìbò kan yẹn mú kó fi ìdá 32 nínú 100 ṣeé ṣe sí i pé ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́yìn náà á fi ìbò rere tirẹ̀ kún un, àmì àpapọ̀ rẹ̀ sì fi ìdá 25 nínú 100 ga ju ti àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ. Wọ́n fi ìbò burúkú sí àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i dìde tún un ṣe, kò sì fa àmì wọn wálẹ̀ títí dé òpin. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ fún àwa oníṣẹ́ ni pé wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ẹni tó bá ń sọkún nítorí ìbò burúkú kan ṣoṣo ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ń sọkún jù.

Iṣẹ́ mi ní láìkì 9 nínú ìbò 10. Ti ẹlòmíràn ní 850 nínú 1,000. Kí ló dé tí tirẹ̀ fi wà lókè tèmi?

Nítorí pé ìbò mẹ́wàá kò tíì tó ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ yín mẹ́sàn-án ló dìbò. Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń gbà wọ̀n ọ́n, èyí tí Edwin Wilson gbé kalẹ̀ ní 1927: dípò kí a wo ìdá tí iṣẹ́ ní báyìí, a ó béèrè ibi tó lọ sílẹ̀ jù tí ìdá rẹ̀ tòótọ́ lè wà, bí a bá fẹ́ ìdánilójú ìdá 95 nínú 100. Bí a bá ṣe é fún 9 nínú 10, ó bọ́ sí nǹkan bí ìdá 60. Fún 850 nínú 1,000, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 83. Ẹni tó ní 5 nínú 5, tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kò ju nǹkan bí ìdá 57 lọ.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń lo ìṣirò yìí gan-an, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń to iṣẹ́ tọkàntọkàn, ẹ máa rí ohun tó jọ ọ́: wọn kì í jẹ́ kí ìbò díẹ̀ gbé iṣẹ́ gorí òkè. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń dun ẹni tuntun. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tuntun ni pé kó yé wo ipò rẹ̀ títí ìbò rẹ̀ á fi tó ọgọ́rùn-ún.

Ìràwọ̀ márùn-ún kò ha sọ òtítọ́ ju láìkì lọ bí?

Lójú, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìṣe, rárá. Ní 2009 YouTube sọ fún gbogbo ayé pé ìràwọ̀ márùn-ún ló pọ̀ jù lọ fíìfíì nínú ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀, ìràwọ̀ kan ló tẹ̀ lé e, àárín sì ṣófo. Ní 2010 wọ́n pa ìràwọ̀ tì, wọ́n gbé àtàǹpàkò wọlé. Netflix náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ẹni tí nǹkan dùn mọ́ tàbí tí inú bí ló ń dìbò. Ẹni tí kò gbóná tí kò tutù ti bá tirẹ̀ lọ.

Nexus Mods, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń pín mod, gba ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn gan-an. Ìfọwọ́sí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èèyàn kò sì lè fọwọ́ sí mod tí kò gbà sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Yóò tún dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó gbà á kí bọ́tìnì náà tó ṣiṣẹ́ fún un. Ìdúró kékeré yẹn ń yọ ọ̀pọ̀ ariwo kúrò.

Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ti gba mod mi, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo rí, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀sùn. Ṣé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo tí àwọn èèyàn ti ń pín nǹkan. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ ọ́ ní 2006 pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bí 90 ń wò láìsọ̀rọ̀, 9 ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti géèmù nìkan. Ẹni tí mod bá ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀ ti wà nínú géèmù, ó ń gbádùn ara rẹ̀, kò ní ìdí láti padà wá. Ẹni tí géèmù rẹ̀ kú lójijì ló ń wá ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà máa ń fì sápá ìṣòro láti ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ẹ wo iye àwọn tó ṣì ń lò ó lẹ́yìn oṣù kan ní ibi tí wọ́n bá ti ń fi irú iye bẹ́ẹ̀ hàn. Steam Workshop ń fi iye àwọn tó ṣì forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà hàn oníṣẹ́. Mo gba ìyẹn gbọ́ ju láìkì lọ.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ, èwo ni kí n ṣiṣẹ́ lé lórí?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an, nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó wu ẹni náà. “Ilẹ̀kùn kejì kò ṣí bí mo bá ti gba kọ́kọ́rọ́ kí n tó bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀” jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá sọ ọ́, ẹ lọ wò ó, nítorí àwọn mìíràn ti bá a pàdé tí wọ́n kàn bá tiwọn lọ. “Ẹ̀ṣọ́ yẹn ti pọ̀ jù” jẹ́ ohun tí ó wu ẹni náà. Ẹ dúró kí púpọ̀ sọ ọ́, kí ẹ sì wo irú ẹni tó ń sọ ọ́: ṣé ẹni tó fẹ́ràn irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe ni, àbí ẹni tó ṣèèṣì já wọ ibẹ̀?

Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá dábàá àtúnṣe, ẹ gba ìṣòro tó wà lẹ́yìn àbá gbọ́ ju àbá fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ní kí ẹ fi ibi ìsinmi kún àárín ìpele lè má nílò ibi ìsinmi. Ó lè jẹ́ pé fífò kan ṣoṣo ni kò rí dáadáa, tó ń ṣubú níbẹ̀ nígbà gbogbo, tó sì rẹ̀ ẹ́ láti máa tún ọ̀nà gígùn rìn. Ẹ tún fífò náà ṣe, ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ibi ìsinmi mọ́.

Kí ẹ sì máa ka ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ iye. Ìpele tí àwọn tó ń parí rẹ̀ kéré, tí láìkì rẹ̀ sì ga láàárín àwọn tó parí, ti rí àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ nítorí àwọn tó sá. Èyí tí gbogbo èèyàn parí, tí kò sẹ́ni tó fi láìkì sí, kò le rárá, kò sì mú ọkàn ẹnikẹ́ni. Èyí tó burú jù lójú mi ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ gbà sórí ẹ̀rọ tí wọ́n sì yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ náà kò ní àbùkù kankan: àwòrán àti àkọlé tí ẹ fi síwájú ló ṣèlérí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ yí àkọlé padà kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti rí iṣẹ́ yín náà ń yí èsì padà. Nínú Endless Challenge, ọ̀nà ìgbá kan nínú Super Mario Maker 2, kì í ṣe olùgbá ló yan ìpele, géèmù ló ń jù ú sí i níwájú, ó sì lè fo èyí tí kò bá wù ú. Ìpele gígùn tó nílò ìrònú yóò jìyà níbẹ̀ bó ti wù kó dára tó, nítorí pé ẹni tó bá a pàdé ń sáré. Èsì láti ibẹ̀ àti èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fúnra rẹ̀ wá ìpele yín kò yẹ kó wúwo bákan náà.

Ṣé kí n máa bẹ àwọn èèyàn fún láìkì?

Ẹ lè rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, ní ìparí àlàyé iṣẹ́ yín. Ẹni tó gbádùn rẹ̀ lè ti gbàgbé. Ohun tí mo kọ̀ ni pàṣípààrọ̀. Nígbà tí géèmù LittleBigPlanet, tí èèyàn lè ṣe ìpele tirẹ̀ nínú rẹ̀, jáde ní 2008, èèyàn lè fi àmì ọkàn sí ìpele tó fẹ́ràn, kò sì pẹ́ tí “H4H” fi gba gbogbo ibẹ̀ kan: fún mi ní ọkàn, èmi náà á fún ọ. Bí ìyẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkàn kò sọ ohunkóhun fún olùgbá mọ́ nípa ìpele, kò sì sọ ohunkóhun fún oníṣẹ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ ló pàdánù jù níbẹ̀, nítorí kò ní mọ ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dáa lóòótọ́.

Ìbò burúkú ya lu iṣẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo ọjọ́ àti àkókò. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé láàárín wákàtí díẹ̀, tí iye àwọn tó gbá a kò sì pọ̀ sí i, kì í ṣe iṣẹ́ yín ni wọ́n ń bá wí. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ni ti oṣù Kẹrin 2015, nígbà tí Valve àti Bethesda, ilé-iṣẹ́ tó ni Skyrim, gbà kí àwọn oníṣẹ́ máa ta mod Skyrim lórí Steam Workshop, tí ìdá 25 nínú 100 owó náà jẹ́ ti oníṣẹ́. Ọjọ́ 23 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ọjọ́ 27, wọ́n ti fagi lé e. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ìbínú tó yẹ kó lọ bá ètò owó ń bọ́ sórí àwọn mod àti àwọn tó ṣe wọ́n. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lọ́jọ́ náà ní ìtumọ̀, ó sì mú ilé-iṣẹ́ ńlá méjì padà lẹ́yìn ìpinnu wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka àwọn ìbò yẹn bí ìdájọ́ lórí ọwọ́ oníṣẹ́ ti ṣì í kà.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yà tuntun tí ẹ gbé síta lọ́sàn-án ni ìbò ya lù lálẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ dá ẹ̀yà àtijọ́ padà ná, kí ẹ tó wá ibi tó ti bàjẹ́.

Ṣé dandan ni kí n dáhùn gbogbo èèyàn?

Rárá. Ẹ dáhùn ẹni tó ròyìn ìṣòro, kí ẹ sì padà sọ fún un nígbà tí ẹ bá tún un ṣe. Ẹni tó kàn yìn yín, “ẹ ṣé” ti tó. Ẹni tó bú yín, ẹ má dá a lóhùn.

Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí Nintendo dá gbígbé ìpele tuntun wọ Super Mario Maker àkọ́kọ́ dúró ní oṣù Kẹta 2021, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpele ló wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì parí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Àwọn olùgbá kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Team 0% kó wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbá wọn parí, kí ilé-iṣẹ́ tó ti ìkànnì géèmù náà pa ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2024. Èyí tó kù gbẹ̀yìn, Trimming the Herbs, ni ẹni tó ṣe é wá jẹ́wọ́ pé irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun fi gbá a parí kóun tó gbé e síta. Síbẹ̀, ẹnìkan fi ọwọ́ lásán parí rẹ̀ kí wọ́n tó pa ìkànnì náà. Àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ṣe ìpele kankan rí ẹni tó gbá tiwọn tinútinú lẹ́yìn ọdún méje, mẹ́jọ.

Èmi kì í ṣe nǹkan kan, gbígbá ni tèmi. Báwo ni ọ̀rọ̀ mi ṣe lè ran oníṣẹ́ lọ́wọ́?

Ẹ sọ ẹ̀yà géèmù tí ẹ ń lò àti ẹ̀yà mod náà. Ẹ dárúkọ àwọn mod mìíràn tó wà lórí ẹ̀rọ yín, nítorí pé ìjà mod pẹ̀lú mod ló ń fa ọ̀pọ̀ ìṣòro. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ṣe ṣáájú, ohun tí ẹ retí àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá gbádùn rẹ̀, ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ti gbádùn rẹ̀ gan-an, yàrá wo, fífò wo, orin wo. “Ó dáa” dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ tó gbọ́ pé afárá inú òjò ló mú yín padà wá lẹ́ẹ̀kejì ti mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ gé kúrò nígbà tó bá ń ṣe ẹ̀yà tó kàn.